Ìbò Tí Wọn Kò Dì: Yíyí Dànù àti Jíjókòó Lé nínú Ìṣòfin Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2013, àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà jókòó sí ìdí tábìlì wọn, wọ́n ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí akọ̀wé ti ń pe orúkọ. Wọn kì í sábà dìbò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo ni wọ́n máa ń fi irú ètò bẹ́ẹ̀ yẹ́ sí. Àbádòfin S. 744 ló wà níwájú wọn, èyí tí ì bá ṣí ọ̀nà àtidi ọmọ ìlú fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ènìyàn tí kò ní ìwé ìgbélùú. Sẹ́nétọ̀ 68 gbà, 32 kọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ Republican 14 wà lára àwọn tó gbà. Àbádòfin náà kọjá sí Ilé Aṣojú-ṣòfin, ibẹ̀ ló sì wà títí sáà Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kẹtàléláàádọ́fà fi parí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2015. Ilé náà kò gbà á, kò sì kọ̀ ọ́. Wọn kò dìbò lé e lórí rárá.

Báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe ń ka irú èyí? David Mayhew, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1991, ka òfin pàtàkì 267 tí wọ́n ṣe láàárín 1946 sí 1990, ó sì parí rẹ̀ sí pé ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ kan ló di gbogbo agbára mú, ì báà jẹ́ méjì ló pín in, iye òfin tó ń jáde kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Sarah Binder dá a lóhùn nínú *Stalemate* ní 2003 pé kò tó kí ènìyàn ka ohun tó jáde nìkan. Ó yẹ kí a ka ohun tí ìlú ń béèrè tí kò rí gbà pẹ̀lú. Ó jàre. Ẹni tó bá ń ka iye ọjà tí wọ́n tà láì ka èyí tó kù lórí àtẹ kò tíì mọ bí ọjà ṣe rí. Ṣùgbọ́n nínú agbọ̀n Binder, gbogbo ohun tí kò jáde ló wà pọ̀ lójú kan: èyí tí wọ́n gbé síwájú ilé tí ilé yí dànù, àti èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbé síwájú ilé. Níbí ni àpilẹ̀kọ yìí ti yà kúrò lọ́nà tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a pe ọ̀kan ní yíyí dànù, kí a pe èkejì ní jíjókòó lé. Lójú ẹni tó ń dúró de òfin, bákan náà ni àwọn méjèèjì rí: òfin kò jáde. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi máa ń dà wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo onígbèsè méjì. Ọ̀kan jáde síta, ó ní òun kò ní san. Èkejì tilẹ̀kùn mọ́rí, kò dá olówó lóhùn. Olówó kò rí owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn, síbẹ̀ ó ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú ẹni àkọ́kọ́, ó sì ní ẹlẹ́rìí. Lọ́dọ̀ ẹnì kejì, ìlẹ̀kùn ló ní.

Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ló fi ìyàtọ̀ yìí hàn jù. Ní 1987, Ààrẹ Ronald Reagan yan Robert Bork. Wọ́n pè é wá síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n bi í léèrè fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, lẹ́yìn náà ni Sẹ́nétì dìbò ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá: 42 gbà, 58 kọ̀. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ lè mọ ohun tí sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ. Ní 2016, lẹ́yìn ikú Antonin Scalia, Ààrẹ Barack Obama yan Merrick Garland ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta. Mitch McConnell, tó ṣáájú àwọn tó pọ̀jù ní Sẹ́nétì, ti kéde pé àwọn kò ní gbà á wọlé. Orúkọ Garland wà nílẹ̀ fún ọjọ́ 293, kò rí ìgbìmọ̀, kò rí ìbò, títí sáà náà fi tán ní ọjọ́ 3 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017. Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀san Bork ni ti Garland. Ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n yí Bork dànù. Wọ́n jókòó lé Garland lórí. Sẹ́nétọ̀ 58 ló fi orúkọ ara rẹ̀ jẹ́rìí sí ti Bork. Nínú ti Garland, kò sí ìbò kankan tí olùdìbò lè fi bi sẹ́nétọ̀ tirẹ̀ léèrè.

Ohun kan wà nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ tí àwọn tó ń kọ̀wé lórí ìdíwọ́ òṣèlú kì í fi bẹ́ẹ̀ wò. Abala kìn-ín-ní, ìsọ̀rí karùn-ún, sọ pé ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé àkọsílẹ̀, àti pé bí ìdámárùn-ún àwọn tó wà níjòókòó bá ti béèrè, a gbọ́dọ̀ kọ bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ oníkálukú sínú rẹ̀. Wọn kò béèrè ìdajì, wọn kò béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìdámárùn-ún péré! Àwọn tó jókòó ní Philadelphia ní 1787 mọ̀ pé àwọn tó pọ̀jù lè fẹ́ fi ara pamọ́, wọ́n sì fún àwọn tó kéré ní agbára láti fà wọ́n síta. Àmọ́ agbára yìí kò ní iṣẹ́ ṣe àfi ìgbà tí ìbéèrè bá ti wà níwájú ilé. Ta ni yóò gbé ìbéèrè náà síwájú ilé? Ìwé òfin kò sọ. Ó fi í sílẹ̀ fún ìlànà tí ilé bá ṣe fún ara rẹ̀, ìlànà náà sì bọ́ sọ́wọ́ Abẹnugan àti àwọn olórí ẹgbẹ́.

Inú àlàfo kékeré yìí ni ohun púpọ̀ tí a ń pè ní fàákájá ẹgbẹ́ òṣèlú ń gbà kọjá.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ Ukraine wò. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2024, Sẹ́nétì fọwọ́ sí owó ìrànwọ́ náà, 70 sí 29. Abẹnugan Mike Johnson kò gbé e wá síwájú Ilé fún oṣù méjì gbáko. Nígbà tó wá pín in sí wẹ́wẹ́ tó sì gbé e jáde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin, ti Ukraine rí ìbò 311 gbà, 112 ló ta kò ó. Bákan náà ní 2013, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ di títì fún ọjọ́ 16. Ìbò tó ṣí i padà ní Ilé Aṣojú-ṣòfin jẹ́ 285 sí 144, ọmọ ẹgbẹ́ Republican 87 péré ló sì wà nínú àwọn tó gbà. Ìlànà tí orúkọ Dennis Hastert lẹ̀ mọ́, pé kí Abẹnugan má gbé ohunkóhun jáde tí ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀ kò bá fẹ́, ni John Boehner, Abẹnugan ìgbà náà, ní láti fi sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìjọba tó tún ṣí.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà: ìwé ìfàjáde, tí aṣojú 218 lè fi ọwọ́ sí láti fa àbádòfin yọ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó jókòó lé e. Ó ṣọ̀wọ́n kó rí 218 náà. Nígbà tó rí i ní 2015 lórí báǹkì Export-Import, ìbò tó tẹ̀lé e jẹ́ 313 sí 118. Nígbà tó tún rí i ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2025 lórí àwọn ìwé ẹjọ́ Jeffrey Epstein, tí àwọn olórí Ilé kò fẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Ilé dìbò: 427 sí 1.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbí. A kò lè sọ pé 427 náà ti wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí Ààrẹ Donald Trump fúnra rẹ̀ yí ohùn padà ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìbò. 218 nìkan ni a lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ìyípadà yẹn gan-an ń ti ẹjọ́ wa lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ tí kò fi ọwọ́ síwèé, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nígbà tí ìbéèrè ṣì wà lábẹ́ aṣọ, kò lè dúró kí wọ́n pe orúkọ òun kí ó sì wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ fún wa pé ìkórìíra láàárín ẹgbẹ́ méjì ló fa irú ìdádúró bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ìbò 427 sí 1 ṣe wá.

Gary Cox àti Mathew McCubbins lè ní àwọn ti sọ èyí tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. *Setting the Agenda*, ní 2005, ló ṣàlàyé dáadáa pé ohun ìjà tó lágbára jù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó pọ̀jù ni kí ó má jẹ́ kí àwọn ọ̀rọ̀ kan dé iwájú ilé. Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti dúró. Bí àwọn aṣojú bá yá olórí wọn lágbára, gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti sọ, a jẹ́ pé àwọn tó yá a ló ni ohun tó bá fi í ṣe. Aṣojú tó ń sọ nílé pé òun fẹ́ àtúnṣe òfin ìwọ̀lú, tí kò sì fi ọwọ́ sí ìwé ìfàjáde tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2014, òun náà jókòó lé e. Ìwé náà kò dé 218. Ó ṣe pàtàkì pẹ̀lú pé títí di 1993, àṣírí ni orúkọ àwọn tó bá fi ọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó tó pé 218: aṣojú lè sọ fún ará ìlú pé òun ti fọwọ́ sí i, láìsí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti Sẹ́nétì, ọ̀rọ̀ ìbò 60 tí wọ́n nílò láti fòpin sí àríyànjiyàn ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Ìlànà kejìlélógún, tó wáyé ní 1917 tí wọ́n sì tún ṣe ní 1975, ló gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n pa ọmọdé 20 àti àgbàlagbà mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Newtown, àtúnṣe lórí àyẹ̀wò ẹni tó fẹ́ ra ìbọn rí ìbò 54 sí 46 ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ó sì ṣubú. Ohun tó bani nínú jẹ́ ni. Síbẹ̀, orúkọ àwọn 46 náà wà nínú ìwé. Fún ìdí èyí, àpilẹ̀kọ yìí gbà pé ọwọ́ Abẹnugan tó tilẹ̀kùn léwu fún ojúṣe ọmọ ìlú ju ìbò 60 tí gbogbo ayé ń bú lọ.

Àtakò kan wà tó lágbára. Binder àti Frances Lee ti kọ ọ́ pé ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù kì í jẹ́ kí àwọn olóṣèlú lè dúnàádúrà, pé ẹni tí gbogbo ènìyàn ń wò kò lè fi nǹkan sílẹ̀ kí ó lè gba nǹkan. A gbà bẹ́ẹ̀ ní ti ìdúnàádúrà. Àwọn àgbà ìdílé a máa wọ yàrá lọ jíròrò, a kì í sì í fi etí sí ìlẹ̀kùn wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ jáde wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà: àwọn tó kọ ìwé òfin Amẹ́ríkà ṣe ìpàdé wọn ní ìkọ̀kọ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn 1787, wọ́n sì fi í parí pẹ̀lú ìfọwọ́sí ènìyàn 39. Mẹ́ta nínú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Edmund Randolph, George Mason àti Elbridge Gerry, kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ wọ́n.

Kí wá ni ti olùdìbò? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, Gallup rí i pé ènìyàn 9 péré nínú 100 ló tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó ju 9 lọ nínú 10 àwọn aṣojú tó tún díje tó padà sórí àga wọn, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bíi 36 nínú 100 àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ló jáde, iye tó kéré jù láti ìgbà ogun ní 1942. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ka èyí sí ọ̀lẹ. Ẹ̀sùn náà kò bá a mu. Olùdìbò 2014 tó fẹ́ mọ ibi tí aṣojú rẹ̀ dúró lórí S. 744 kò rí ìbò kankan kà. Ẹnu aṣojú náà nìkan ló kù fún un. A kò sọ pé kò sí ìdí mìíràn, bí wọ́n ṣe ń gé àgbègbè ìdìbò sí wà níbẹ̀, owó sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojúṣe ọmọ ìlú kò lè ju ohun tí ìlú jẹ́ kí ó mọ̀ lọ.

Nàìjíríà, tó gba ètò Ààrẹ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ní 1979, fi nǹkan kan kún ẹ̀rí yìí. Ní oṣù Keje ọdún 2021, nígbà tí Sẹ́nétì ní Abuja ń jiyàn lórí fífi èsì ìbò ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, Sẹ́nétọ̀ Enyinnaya Abaribe ní kí wọ́n pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan dípò kí wọ́n fi ohùn dìbò. Ó di 52 tí kò fẹ́ kí INEC, àjọ elétò ìdìbò, nìkan pinnu rẹ̀, sí 28 tó fẹ́ bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ orúkọ wọn sì gba orí ẹ̀rọ ayélujára kan. Òfin ìdìbò tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kejì ọdún 2022 fi ọ̀rọ̀ náà sí ọwọ́ INEC, ní òdì kejì sí ohun tí àwọn 52 fẹ́. A kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé pípe orúkọ ló fa ìyípadà náà, ṣùgbọ́n ó nira láti gbà pé kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Àbá tí àpilẹ̀kọ yìí ń mú wá kò ju pé kí ìdámárùn-ún tó lè béèrè orúkọ lè béèrè ìbò fúnra rẹ̀, ó kéré tán lórí àbádòfin tí ilé kejì bá ti fi ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gbà. Wọn yóò ní àkókò kò sí. Ilé tí kò rí àkókò fún S. 744 ní sáà yẹn rí àkókò láti dìbò léraléra lórí fífagi lé òfin ìlera Obama, yálà lódindi tàbí díẹ̀díẹ̀, nígbà tí gbogbo wọn mọ̀ pé Sẹ́nétì kò ní gbà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n yí S. 744 dànù bí wọ́n bá dìbò lé e lórí. Mílíọ̀nù 11 ènìyàn ì bá sì mọ orúkọ àwọn tó yí i dànù.