Ọjọ́ Tí Yorùbá Di Àjèjì Lẹ́nu Àjàyí

Gbogbo ẹni tó bá mọ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ló mọ̀ ọ́n sí akọni. Àwòrán rẹ̀ tí a máa ń rí nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ti bàbá àgbà tó wọ aṣọ bíṣọ́ọ̀bù, tó le ojú koko, kò jọ ti ẹni tí àyà rẹ̀ lè já láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan fún yín, ọjọ́ 9 oṣù January 1844. Ọjọ́ náà ló dúró níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Freetown, tó fẹ́ fi èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún wàásù, tí èdè náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sá mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìtàn bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú kò ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú wa, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní 1821 ni ogun kó Òṣogùn. Àjàyí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ yìí ní April 1822, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró. Níbẹ̀ ló ti kàwé, níbẹ̀ ló ti ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827. Ní 1843 wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún yẹn náà sì ni ìwé tó fi kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ jáde.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Ọjọ́ 2 December 1843 ló padà dé Freetown. Ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, ó ti bọ́ sórí àga ìwàásù, ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì wàásù. Ìran ńlá ni fún àwọn ará ìlú láti rí aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn tó wọ aṣọ àlùfáà. Bó bá ṣe pé ojú èrò lásán ló ń ba ọkùnrin yìí lẹ́rù ni, ṣebí ọjọ́ yẹn ni ì bá ti gbọ̀n? Ó wàásù rẹ̀, ó parí rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ti Yorùbá wá kàn. Aku ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa ní Sàró, nítorí "ẹ kú, ẹ kú" tí kì í tán lẹ́nu wọn. Wọ́n wọ́ wá lọ́pọ̀lọpọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí wọn kò gbọ́ ọ rí kí wọ́n máa fi èdè wọn ṣe ìsìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì òyìnbó. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn tó ń fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ CMS pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè abínibí òun ni, ńṣe ni òun dà bí ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ní ibi tí òun dúró sí, iṣẹ́ tí òun ń ṣe, àti àwọn tó wà níwájú òun, gbogbo rẹ̀ ló ṣàjèjì sí òun bí ẹni ń lálàá.

Kí ló fà á? Èrò tèmi ni kí ẹ gbọ́. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn mélòó ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n ní Yorùbá, gbogbo ilé ni adájọ́. Ìyá ẹlẹ́kọ tí kò mọ A yàtọ̀ sí B lè wò ó lójú kó ní, "Ọmọ mi, a kì í sọ ọ́ báyẹn." Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, Ìjẹ̀ṣà wà níbẹ̀, Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ẹnu tirẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé ọmọdé ni Àjàyí nígbà tó kúrò nílé. Ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ níbi tí àwọn àgbà bá jókòó sí. Yorùbá tí wọ́n gbé sí i lẹ́nu kó tó kúrò ní Òṣogùn, ti eré òṣùpá àti ti oko ni. Èyí tí àgbà fi ń bá agbo sọ̀rọ̀, wọn kò ráyè kọ́ ọ. Èmi tí mo ti ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn láti ọdún gbọọrọ, bí alága ìnáwó bá ní kí n wá sọ ọ̀rọ̀ ṣókí, kíá ni itọ́ máa ń gbẹ lẹ́nu mi, bẹ́ẹ̀ n kò kúrò nílé rí.

Ti ọ̀rọ̀ tó máa lò náà tún wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó là á sílẹ̀ fún un. Inú ìwé Lúùkù, orí kìíní, ẹsẹ 35, ló ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀, níbi tí áńgẹ́lì ti ń sọ fún Màríà nípa ọmọ tó máa bí. Lónìí, "ohun mímọ́" ni Bíbélì wa pe ọmọ náà níbẹ̀. "Ohun ọ̀wọ̀" ni Crowther pè é lọ́jọ́ náà. Àbí ẹ rí i? Ọkùnrin kan ṣoṣo lórí ìdúró, ó ń yan ọ̀rọ̀ tí ìran tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò fi máa gbàdúrà, ó mọ̀ pé ó lè má bọ́ sí i. Mo rò pé ohun tó gbà á lọ́jọ́ náà ni pé kò gbé gbogbo ẹrù lérí lẹ́ẹ̀kan náà: ẹsẹ kan péré ló dì mú, ó sì ti tú u sí Yorùbá kó tó dìde.

Nígbà tó sì súre tán, gbogbo ilé dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Kí ó ṣẹ!" Ìdáhùn tí ilé àti ọjà ti mọ̀ tipẹ́ ni, òun ló sì gba ẹnu gbogbo ìjọ kan. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.

Kò tún dúró mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Ó dé Àgbádárìgì ní January 1845, ó dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ tó tún jáde ní 1852 kún fún òwe, òwe tí àwọn àgbà Òṣogùn kò ráyè fi kọ́ ọ. Ní 1884 ni Bíbélì odindi parí.

Síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ tún wọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ọjọ́ 21 August 1846 ní Abẹ́òkúta. Ìyá rẹ̀, Àfàlá, tí kò fojú kàn án fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ni wọ́n mú wá bá a. Oníwàásù kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, omijé ń dà lójú ìyá. Nígbà tí ohùn jàjà jáde, ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lára ọmọ, ó ń pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá-ìyá rẹ̀ máa ń pè é nígbà tó wà ní kékeré.