Àwòrán Ilé gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn: Láti Arles dé Ìta Tinúbú

Àtúnṣe fọ́tò ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ni pẹ̀lú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ayafọ́tò ti ń tún àwòrán ilé ṣe. Nítorí náà, ó yẹ kí onímọ̀ ìtàn mọ irú àtúnṣe tó kan àwòrán kí ó tó fi í jẹ́rìí.

Ní 1851, ìjọba ilẹ̀ Faransé rán ayafọ́tò márùn-ún jáde láti ya àwọn ilé àtijọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Édouard Baldus. Nígbà tí ó fẹ́ ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìsìn Saint-Trophime ní Arles, kámẹ́rà ìgbà náà kò lè gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó yà á ní nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá, ó so wọ́n pọ̀, ó sì fi ọwọ́ tún ojú oríkèé wọn ṣe. Àwòrán náà gún régé, ṣùgbọ́n kò sí ojú kan tó rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀nà mìíràn ni Albrecht Meydenbauer gbà ní Jámánì. Ní 1858, díẹ̀ ló kù kí ó já bọ́ níbi tí ó ti ń wọn ilé ìsìn ńlá Wetzlar. Ó rò ó pé fọ́tò lè wọn ilé dípò ènìyàn; ní 1885, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún èyí ní Berlin. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kí a mọ ibi tí kámẹ́rà dúró sí àti bí ó ṣe kọjú sí ilé. Bí a bá gbé ojú kámẹ́rà sókè, àwọn òpó á máa súnmọ́ra lókè, ògiri á sì dà bí èyí tó fẹ́ wó sẹ́yìn. Àwọn ayafọ́tò àtijọ́ a máa gbé lẹ́ńsì nìkan sókè. Kọ̀ǹpútà òde òní ń na apá òkè àwòrán ni. Bí a kò bá ṣọ́ra, ilé á ga tàbí kúrú ju bí ó ti rí lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ilé Ilojo Bar ní Ìta Tinúbú, l'Ékòó, tí í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà, di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Wọ́n wó o ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òpó rẹ̀ ṣe jìnnà síra wọn, fọ́tò ni yóò bi. Bí ẹnìkan bá ti pa wáyà iná àti àtẹ ọjà rẹ́ kúrò nínú fọ́tò náà kí ó lè dùn ún wò, ó ti pa ìtàn àdúgbò rẹ́ mọ́ ọn.

Ohun mẹ́ta ni mo dábàá. Kí a tọ́jú fọ́tò àkọ́kọ́ láìfọwọ́kàn. Kí a kọ gbogbo àtúnṣe sílẹ̀. Kí a gbé ọ̀pá ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ ilé, kí a sì yà á nígbà tí oòrùn bá wá láti ẹ̀gbẹ́, kí iṣẹ́ ọnà ara ògiri lè yọ. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, ṣì dúró. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ yà báyìí, kí ó tó di pé fọ́tò nìkan ló kù.