Yíyan Áńpílífáyà fún Yàrá Kékeré

Áńpílífáyà ni ẹ̀rọ tó ń gba àmì ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara ẹ̀rọ CD, rédíò, fóònù tàbí giramafóònù, tó sì ń sọ ọ́ di agbára iná tó lè mi sípíkà. Àmì tó ń jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ CD kì í sábà ju fóòtì 2 lọ. Èyí tó ń bọ̀ láti abẹ́rẹ́ giramafóònù kéré jìnnà sí ìyẹn: bíi mílífóòtì 5 ni, ìdá 5 nínú 1,000 fóòtì kan. Kò sí èyí tó lè mi sípíkà nínú méjèèjì. Ara ògiri ni agbára tó ń mì ín ti ń wá; áńpílífáyà á gba iná ilé sínú, á sì máa tú u jáde bí àmì kékeré náà bá ṣe ń darí rẹ̀. Bó ṣe ń tẹ̀ lé àmì náà láìyẹsẹ̀ àti bí iná tó ń jẹ ṣe dúró ṣinṣin tó ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dá lé.

Èyí tí wọ́n ń pè ní háì-fáì, tí wọ́n ṣe fún gbígbọ́ orin nínú ilé, yàtọ̀ sí ti òde àríyá. Ti òde àríyá gbọ́dọ̀ gbé ohùn lọ jìnnà, kó borí ariwo èrò, kó sì ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bó bá ń hó díẹ̀ lábẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Nínú yàrá kékeré, mítà méjì péré ló sábà máa ń wà láàárín olùgbọ́ àti sípíkà, gbogbo híhó àti kíkùn ẹ̀rọ ló sì ń dé etí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣe dáadáa lábẹ́ àtíbàbà lè máa dani láàmú nínú yàrá.

Yàrá fúnra rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n. Yàrá ẹsẹ̀ 10 sí ẹsẹ̀ 12, irú èyí tó pọ̀ nínú àwọn ilé oníyàrá tó dojú kọra ní Èkó àti Ìbàdàn, fẹ̀ ní mítà 3.05, ó sì gùn ní mítà 3.66. Bí ooru inú rẹ̀ bá tó ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ohùn ń rin mítà 349 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn tó ìlọ́po méjì yàrá náà á lu ògiri kan, á padà lu èkejì, á pàdé ara rẹ̀ lójú ọ̀nà, á sì wú. Nínú yàrá yìí, bíi 48 Hz (ìgbọ̀n 48 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀ lóòró rẹ̀, bíi 57 Hz sì ni níbùú. Okùn A lórí gìtá béèsì ń dún ní 55 Hz bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń gbọ́ orin jùjú nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ fi máa ń rí i pé ohùn béèsì kan ń bú ramúramù nígbà tí èyí tó tẹ̀ lé e ń rọra kọjá. Áńpílífáyà kọ́ ló fà á, áńpílífáyà olówó gọbọi kò sì lè wò ó sàn. Kí wọ́n fa sípíkà kúrò ní igun yàrá ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, torí ògiri kọ̀ọ̀kan tó sún mọ́ sípíkà lè fi tó dẹ̀síbẹ̀lì 6 (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó) kún ohùn ìsàlẹ̀. Ìkejì ni bọ́tìnnì béèsì tó ṣeé yí wálẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe áńpílífáyà ti yọ bọ́tìnnì béèsì àti tírẹ́bù kúrò pátápátá, wọ́n ní kí àmì ohùn lè gba ọ̀nà tààrà kọjá. Fún yàrá ńlá tí wọ́n ti tún ṣe fún orin, èyí lè mọ́gbọ́n dání. Fún yàrá kékeré, àdánù gidi ni.

Lẹ́yìn yàrá, sípíkà ló kàn, òun gan-an ló sì ń pinnu iye wáàtì tí wọ́n nílò. Àwọn tó ń ṣe sípíkà máa ń kọ bó ṣe ń dún sókè tó ní mítà kan bí wọ́n bá fún un ní wáàtì 1. Sípíkà kékeré orí pẹpẹ sábà máa ń wà ní nǹkan bíi dẹ̀síbẹ̀lì 86. Bí wọ́n bá gbé méjì irú rẹ̀ sínú yàrá yìí, tí olùgbọ́ sì jókòó sí mítà méjì, wáàtì 1 fún sípíkà kọ̀ọ̀kan á gbé ohùn tó tó dẹ̀síbẹ̀lì 84 dé etí rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohùn kékeré rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ka dẹ̀síbẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ sí ibi tó yẹ kí àgbàlagbà dúró sí kí etí má bàa bàjẹ́. Ẹni tó ń gbádùn orin ní dẹ̀síbẹ̀lì 75, èyí tí àwọn ará ilé kò ní fi bínú, kò lò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ wáàtì kan lọ fún sípíkà kọ̀ọ̀kan.

Ìlù ló ń mú kí wọ́n nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí kọ̀ǹgọ́ bá kọ́kọ́ kan awọ gángan, ohùn náà lè ga ju ìwọ̀n orin yòókù lọ ní dẹ̀síbẹ̀lì 20, kó sì tún wálẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́. Dẹ̀síbẹ̀lì 20 jẹ́ ìlọ́po 100 agbára. Ìdá kan nínú mẹ́jọ wáàtì á wá di wáàtì 12 tàbí 13 ní ìṣẹ́jú-àáyá kékeré yẹn. Áńpílífáyà tí kò bá ní i nílẹ̀ á gé orí ohùn náà, ìlù á sì dún gbẹ, láìní ẹ̀mí. Nítorí náà, wáàtì 20 sí 50 fún sípíkà kọ̀ọ̀kan ti tó yàrá kékeré dáadáa, ó sì ṣẹ́ kù. Àfikún orí rẹ̀ kò mú nǹkan púpọ̀ wá: kí ohùn tó lè fi dẹ̀síbẹ̀lì 3 gòkè, wáàtì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì, kí etí tó gbà pé orin ti ròkè ní ìlọ́po méjì, wáàtì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹni tó ta áńpílífáyà wáàtì 40 láti ra ti wáàtì 80, dẹ̀síbẹ̀lì 3 péré ló fowó rà.

Àwọn sípíkà kan ń béèrè ju èyí lọ. LS3/5A, tí BBC ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 fún inú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gba ohùn lóde, wà ní nǹkan bíi dẹ̀síbẹ̀lì 83. Sípíkà oníwo ńlá lè ju 100 lọ. Bí ìyàtọ̀ wọn bá tó dẹ̀síbẹ̀lì 20, a jẹ́ pé wáàtì 50 lórí ọ̀kan kò ní dún ju ìdajì wáàtì lórí èkejì. Òǹkà kejì tó wà lẹ́yìn sípíkà ni ìdènà rẹ̀ sí iná, tí wọ́n ń fi óòmù wọ̀n. Óòmù 8 tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í dúró lójú kan. Bí orin bá ṣe ń lọ sókè sódò ni òun náà ń yí, ó sì lè wálẹ̀ sí 4 tàbí 3. Áńpílífáyà tí tiransífọ́mà rẹ̀ kéré á rẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó ń gbé wáàtì 40 jáde ní óòmù 8, tó sì ń gbé bíi 65 tàbí 70 jáde ní óòmù 4, ní iná tó dúró ṣinṣin nínú.

Ìtàn ẹ̀rọ náà fi hàn pé wáàtì díẹ̀ ti ń tó ilé láti ìgbà pípẹ́. Fáàfù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà tí Lee de Forest ti ṣe fáàfù Audion ní Amẹ́ríkà ní 1906. Ní 1927, Harold Black ní Bell Labs rí ọ̀nà láti dá díẹ̀ nínú ohùn tó jáde padà sí ẹnu àbáwọlé, kí ẹ̀rọ lè fi wé ohun tó gbà, kó sì tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe. D.T.N. Williamson lo ọgbọ́n yìí fún áńpílífáyà tó gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Wireless World nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1947: wáàtì 15, pẹ̀lú àbùkù ohùn tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe tiransísítọ̀ àkọ́kọ́, èyí tó wá gba ipò fáàfù nínú ọ̀pọ̀ áńpílífáyà, ní Bell Labs. Ní 1978, ilé-iṣẹ́ NAD gbé 3020 jáde, èyí tí Erik Edvardsen yàwòrán rẹ̀. Wáàtì 20 péré ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ jáde fún ìṣẹ́jú-àáyá kékeré tí ìlù bá béèrè fún un. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì gbajúmọ̀ káàkiri ayé. Áńpílífáyà yìí ṣì ni àpẹẹrẹ tó dára jù fún ẹni tó ní yàrá kékeré.

Ọ̀nà tí áńpílífáyà gbà ń lo iná ni wọ́n fi ń pín in sí kíláàsì. Kíláàsì A ń jẹ iná tó pọ̀ jù lọ ní gbogbo ìgbà, bí orin ń dún bí kò dún, ó sì ń sọ èyí tó pọ̀ nínú iná náà di ooru. Ohùn rẹ̀ lè dùn gan-an; áńpílífáyà wáàtì 10 tí John Linsley Hood kọ nípa rẹ̀ ní 1969 ṣì ń rí ẹni kàn án dòní. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ẹsẹ̀ 10 tí fáànù nìkan wà, ooru yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ti fáàfù náà ń gbóná, àwọn kan lára wọn kò sì ju wáàtì 8 lọ, bí irú èyí tó ń lo fáàfù 300B kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Iná inú irú áńpílífáyà bẹ́ẹ̀ ju fóòtì 300 lọ, ó sì lè wà nínú kapásítọ̀, ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́, fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ lára ògiri, nítorí náà kò yẹ kó wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé ti lè tó o. Kíláàsì AB, tó ń jẹ iná bí orin bá ṣe béèrè, ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tó jẹ́ ojúlówó.

Kíláàsì D ń tan iná, ó ń pa á, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kì í gbóná púpọ̀, ó kéré, ó sì ń pa iná ínfátà mọ́. Àwọn kékeré onípáálí tó kún ọjà báyìí, kíláàsì yìí ni wọ́n, òǹkà ara wọn ló sì ń tan àwọn olùrà jẹ. Ìṣirò kékeré á tú àṣírí rẹ̀. Bí ṣájà tó bá a wá bá jẹ́ fóòtì 24 àti ámúpù 4.5, gbogbo agbára tó lè wọlé kò ju wáàtì 108 lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé wáàtì 100 tí wọ́n kọ fún sípíkà kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì kò lè jáde. Lórí sípíkà óòmù 8, fóòtì 24 kò lè gbé ju wáàtì 36 lọ fún ẹ̀gbẹ́ kan. Wáàtì 36 sì ti tó. Irọ́ inú òǹkà náà ni kò dára, ẹ̀rọ ọ̀hún lè dára púpọ̀.

Ti PMPO burú ju ìyẹn lọ. Lẹ́tà mẹ́rin yìí ni wọ́n máa ń kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáàtì 3,000 tàbí 5,000 lára rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ìlànà kankan tó de ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kà á. Amẹ́ríkà ti fòfin de irú àṣà yìí fún áńpílífáyà ilé ní 1974: kí wọ́n sọ iye wáàtì tó lè máa jáde láìdúró, lórí óòmù mélòó, láti Hz mélòó dé mélòó, pẹ̀lú àbùkù ohùn tó jẹ́ iye báyìí. Òǹkà tí kò bá dáhùn ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kò yẹ ní ohun tí wọ́n ń fi ra ọjà.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe nígbà tí ohùn bá lọ sílẹ̀ ló yẹ kó gba àyẹ̀wò tó pọ̀ jù, torí níbẹ̀ ni yàrá kékeré ń gbé. Ọ̀pọ̀ áńpílífáyà ni mílífóòtì 200 péré tó láti mú gbogbo agbára wọn jáde, torí rédíò àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kò lágbára. Bí wọ́n bá wá so ẹ̀rọ CD onífóòtì 2 mọ́ ọn, ariwo á ti kún yàrá kí fọ́líúmù tó yí dé ìdá mẹ́rin. Àwọn olùtajà máa ń fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀rọ náà lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé olùgbọ́ á máa lo bíńtín nínú ibi tí fọ́líúmù ń yí, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì kì í sábà dọ́gba, tí ohùn akọrin á fi fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Harvey Fletcher àti Wilden Munson fi hàn ní 1933 pé bí ohùn bá ti rẹlẹ̀, etí kì í gbọ́ béèsì dáadáa mọ́. Bọ́tìnnì tí wọ́n kọ LOUDNESS sí wà fún ìyẹn, ó sì wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ń gbọ́ orin lóru láìfẹ́ jí ọmọ.

Ẹni tó ní giramafóònù gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ bóyá ojú ihò PHONO wà níbẹ̀. Inú ihò yẹn ni wọ́n ti ń gbé mílífóòtì 5 sókè, tí wọ́n sì ń dá béèsì tí wọ́n dín kù nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ àwo padà sípò. Wáyà sípíkà kò le: bàbà lásán tí kò tẹ́ẹ́rẹ́ jù, mítà méjì sí mẹ́ta, ti tó.

Iná ilé ló kù. Ní Nàìjíríà, fóòtì 230 sí 240 ní 50 Hz ni. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì bá a mu. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ fóòtì 120 ní 60 Hz, ti Japan jẹ́ fóòtì 100. Èyíkéyìí nínú wọn tí wọ́n bá fi sí ògiri Èkó láìsí tiransífọ́mà tó ń dín iná kù á jóná. Ti Amẹ́ríkà tún lè gbóná ju bó ṣe yẹ lọ lórí 50 Hz, kódà bí fóòtì rẹ̀ bá pé. Àwọn ẹ̀rọ kan ní ibi tí wọ́n ti ń yí fóòtéèjì lẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni ojú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kì í yí geere máa ń mú kí tiransífọ́mà kùn, kíkùn náà sì lè wọnú sípíkà.

Nínú áńpílífáyà tó ti pẹ́, bí irú àwọn tó wà ní ọjà Aláàbà ní Èkó, kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ lè ti gbẹ, tí á fi máa kùn láìdákẹ́, fọ́líúmù á sì máa há nígbà tí wọ́n bá ń yí i. Méjèèjì ṣeé tún ṣe. Ewu tó pa sípíkà ni iná tààrà tó ń jò jáde láìsí orin. Kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà láìso sípíkà mọ́ ọn, kí wọ́n yí fọ́líúmù wálẹ̀ pátápátá, kí wọ́n sì fi mítà wọn ojú ibi tí wọ́n ń so sípíkà sí lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí mítà bá fi ju mílífóòtì 50 hàn, oníṣẹ́ rédíò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí sípíkà tó kàn án.