Ẹ̀rọ wo ló yẹ ilé ìkẹ́rùsí yín? Ohun tó yẹ kí oníṣòwò Ìkirè àti Àpòmù mọ̀ kó tó ra order picker

Ọ̀rọ̀ ilé ìkẹ́rùsí kì í ṣe tuntun ní Ìkirè àti Àpòmù. Ìkirè wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀, Àpòmù sì múlé tì í. Kòkó, epo pupa àti obì ti ń gba agbègbè yìí kọjá ọjọ́ ti pẹ́. Àní, kí ogun ọdún 1820 sí 1829 tó dé ni ọjà Àpòmù ti lókìkí, tí ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú ń pàdé níbẹ̀ ná an.

Títí dòní, orí àti èjìká alábàárù ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà. Àpò kòkó kan ṣoṣo lé ní 60 kílò. Bí ọjà bá wá ń gbòòrò sí i, tí wọ́n kan pẹpẹ dé òkè àjà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ á délẹ̀. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyẹn. Ẹlòmíì á ra forklift, á ní kí ọmọ iṣẹ́ dúró sórí irin méjèèjì iwájú rẹ̀, kí wọ́n gbé e sókè lọ mú páálí. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ lókè yẹn, ó ti di ọ̀ràn. Irin forklift kì í ṣe ibi ìdúró èèyàn rárá.

Kí ni wọ́n ń pè ní order picker?

Forklift máa ń gbé ẹrù lódindi pẹ̀lú pallet, ìyẹn pákó tí wọ́n to ẹrù lé. Awakọ̀ rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀. Ti order picker yàtọ̀. Òṣìṣẹ́ dúró lórí pèpéle tó ní irin ìdènà, òun àti pallet rẹ̀ á jọ gòkè, á sì máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa ọjà: páálí ọṣẹ méjì níbí, páálí mílíìkì kan lọ́hùn-ún, títí ohun tí oníbàárà béèrè á fi pé. Ọwọ́ rẹ̀ náà ni ìdarí ẹ̀rọ wà lókè níbẹ̀.

Báwo ni ọjà ṣe ń jáde?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Tó bá jẹ́ pé àpò kòkó ni wọ́n ń tò jọ, tí ọkọ̀ á wá kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, order picker kò wúlò níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ìgbẹ́rù ọlọ́wọ́, tó lè gbé tọ́ọ̀nù 2 sí 2 àbọ̀, lè tó, tàbí forklift tí wọ́n bá fẹ́ to pallet lérí ara wọn. Àmọ́ kí olówó kòkó ṣọ́ra fún forklift oní-dísù nínú ilé: kòkó tètè máa ń fa òórùn èéfín mọ́ra, ìyẹn sì lè ba ọjà jẹ́.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pròfíṣọ̀n, oògùn, spare parts tàbí oògùn oko ni, tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń mú díẹ̀díẹ̀ láti orí oríṣiríṣi pẹpẹ, ibẹ̀ gan-an ni order picker ti ń ṣiṣẹ́ owó rẹ̀.

Ẹ wọn ilé kí ẹ tó wọn ẹ̀rọ

Gíga: Èyí tó kéré wà fún ọjà tí kò ga ju nǹkan bíi mítà 3 lọ. Òmíràn ń dé nǹkan bíi mítà 6, àwọn tó ga jù sì lè kọjá mítà 10. Kí wọ́n wo ibi tí ọjà tó ga jù wà, kí wọ́n má kàn ra èyí tó ga jù lọ́jà. Kí wọ́n wọn ẹnu ọ̀nà náà, kí ẹ̀rọ má baà dé tán kó má lè wọlé.

Fífẹ̀: Forklift tó wọ́pọ̀ ń fẹ́ ọ̀nà tó tó mítà 3 àbọ̀ sí 4 láàárín pẹpẹ kó tó lè yí. Ọ̀pọ̀ order picker ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò fẹ̀ tó mítà 2.

Ilẹ̀: Táyà rẹ̀ kéré, ó sì le. Kọnkéré tó tẹ́jú, tí kò sán, ló ń fẹ́. Kò ṣeé gbé jáde sí àgbàlá oníyẹ̀pẹ̀ pupa lọ kó ẹrù lára ọkọ̀.

Ìwúwo: Àwo irin kékeré kan máa ń wà lára ẹ̀rọ tó ń sọ iye tó lè gbé. Bó bá ṣe ń ga sí i ni iye náà lè máa dín kù. Kí wọ́n bi olùtà bóyá wọ́n ti ka ẹni tó dúró lórí rẹ̀ mọ́ ọn.

Iná ńkọ́?

Bátìrì ni order picker ń lò. Bátìrì olómi ásíìdì kò wọ́n jù, ṣùgbọ́n ó ń gba bíi wákàtí 8 kó tó kún, ó ń fẹ́ omi bátìrì lóòrèkóòrè, ó sì ń tú gáàsì tó lè gbiná jáde nígbà tí wọ́n bá ń ṣáàjì rẹ̀. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa ni kí wọ́n ti ṣe é. Ti lithium wọ́n jù, àmọ́ kò fẹ́ omi, wọ́n sì lè fi iná sí i díẹ̀díẹ̀ nígbà ìsinmi. Fún ibi tí iná ti ń wá tó sì ń lọ, àǹfààní ńlá nìyẹn. Kí wọ́n ṣírò owó epo jẹnẹrétọ̀ mọ́ owó ẹ̀rọ.

Tòkunbọ̀ dáa, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò

Kí mẹkáníìkì tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ yìí wo ṣéènì, ibi tí ọ́ìlì ti ń jò, irin tó ti sán, bíréèkì àti ọjọ́ orí bátìrì. Kí wọ́n wo ṣájà náà: èyí tó wá láti Amẹ́ríkà lè máà bá iná 230 volt, 50 hertz tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà mu.

Ẹ̀mí òṣìṣẹ́ ló ṣáájú

Ẹni tó bá máa gòkè gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, kó sì so bẹ́líìtì ààbò mọ́ra. Ó tún yẹ kí ẹnì kan wà nílẹ̀ tó mọ ibi tí wọ́n ti ń sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ tó bá dákú lókè. Ní Britain, òfin ọdún 1998 ní kí onímọ̀ yẹ ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn sókè wò ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ó kéré tán. Ìlànà tó dáa láti tẹ̀ lé níbí náà ni. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2010 lórí owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tó farapa ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ NSITF. Owó yẹn ń ṣèrànwọ́ lẹ́yìn ìjàǹbá o, kò lè dá ẹ̀mí padà.

Nítorí náà, bí apá kò bá tíì ká order picker, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí wọ́n to ọjà tó ń yára tà sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n lo àkàbà tó dúró gbọin. Ó sàn ju kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sórí irin forklift lọ.