Orúnkún Àgbà: Láti Padova Dé Òde Òní

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí òkúta tàbí gbòǹgbò kankan lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé inú orúnkún rẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká dán nǹkan kan wò. Ẹ jókòó, kí ẹ dijú, kí ọ̀rẹ́ yín rọra gbé ẹsẹ̀ yín kan sókè. Ẹ óò mọ ibi tó gbé e dé, bẹ́ẹ̀ ẹ ò fojú wò ó. Èyí ni mo pè ní ìmọ̀lára ipò oríkèé.

Ní Padova, ní àríwá Ítálì, ọ̀rọ̀ ogbó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Ní ọdún 1558, Alvise Cornaro tẹ ìwé kan jáde níbẹ̀ lórí bí a ṣe lè dàgbà láìṣàìsàn. Ó ní òun ṣì ń gun ẹṣin láìsí pé ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́, òun sì ń fẹsẹ̀ gun òkè. Jíjẹ níwọ̀nba àti mímu níwọ̀nba ló fi ṣe àlàyé rẹ̀.

Ní ọdún 1595, ní Yunifásítì Padova, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn onígi kan tí wọ́n ti ń la òkú wò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Gbọ̀ngàn náà ṣì wà títí dòní. Girolamo Fabrici ló ń kọ́ wọn níbẹ̀. Ní 1618, nígbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó tẹ ìwé jáde lórí bí àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí ṣe ń rìn. Ó rí egungun, ó rí iṣan. Àmọ́ òkú kì í mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà; ọ̀bẹ nìkan ò lè fi ìmọ̀lára han ẹnikẹ́ni.

Ó di nǹkan bí ọdún 1880 kí Camillo Golgi, ní Pavia, tó fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi ṣàpèjúwe àwọn ohun tíntìntín tó wà níbi tí ẹran ara ti so mọ́ egungun, tí wọ́n ń ròyìn bí iṣan ṣe le tó. Ní 1906, Sherrington, ará Gẹ̀ẹ́sì, sọ irú ìmọ̀lára yìí lórúkọ. Lónìí a mọ̀ pé àwọn aṣojú mìíràn tó wà láàárín ẹran iṣan ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ogbó wá ńkọ́? Ní 1984, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà dán èèyàn 29 wò, láti ẹni ogún ọdún dé ẹni ọdún 82. Orúnkún gbogbo wọn ló dá ṣáṣá. Síbẹ̀, bí ọjọ́ orí ṣe ń ga sí i ni àṣìṣe wọn ń pọ̀ sí i nípa ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà.

Nítorí náà, bí ìyá àgbà bá ń wolẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, ẹ má ṣe rò pé ojo ni. Ojú rẹ̀ ló ń bá orúnkún ṣiṣẹ́. Ẹ tan iná sí ọ̀nà fún un, ẹ sì jẹ́ kó máa rìn déédéé, torí ìwádìí fi hàn pé àgbà tí kì í jókòó sójú kan máa ń ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jókòó lọ. Kì í ṣe ẹ̀yìn nìkan ni ká máa wò.