Wíwá Ohun Tó Pa Ẹ́ńjìnì: Iṣẹ́ Mẹkáníìkì ní Kàbà Láyé 504

Ojú irin tó gba Ìlọrin kọjá sí Jẹ́bà kò yà sí ilẹ̀ Okun tí Kàbà wà, nítorí náà ọkọ̀ ilẹ̀ ló so Kàbà, ìlú àwọn Òwé, mọ́ Lọ́kọ́ja, Òkéné, Èkìtì àti Ìlọrin, ọkọ̀ tí kò bá sì jí lójú ọ̀nà Ẹgbẹ̀ ti fi èrò àti iṣu sílẹ̀ sínú oòrùn nìyẹn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1975, Peugeot 504 di ọkọ̀ èrò tó gbajúmọ̀ káàkiri Nàìjíríà, ara rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti kọ́ bí a ṣe ń wá àìsàn ẹ́ńjìnì.

Ọ̀nà ìwádìí náà kò díjú. Ẹ́ńjìnì tí kíkì-sítátà ń yí dáadáa ṣùgbọ́n tí kò jí, iná ni kò rí tàbí epo, àfi bí agbára ìfúnpọ̀ inú sílíńdà bá ti lọ, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ lójijì. Ọmọ iṣẹ́ yóò tú púlọ́ọ̀gì kan, yóò dá a padà sẹ́nu wáyà rẹ̀, yóò fi ara púlọ́ọ̀gì náà kan irin ẹ́ńjìnì, ẹnì kejì yóò sì yí kọ́kọ́rọ́: bí iná búlúù bá ta pàrà, epo ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò; bí iná bá tín-ín-rín tó sì pupa, tàbí tí kò ta rárá, wọn yóò ṣí dísíríbútọ̀, ohun tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì. Inú rẹ̀ ni kọ́ńtáàtì wà, irin kékeré méjì tó ń pàdé tó sì ń yà, tí kọndẹ́ńsà tó wà lára dísíríbútọ̀ kì í jẹ́ kí iná jó wọn nígbà tí wọ́n bá ń yà. Kọndẹ́ńsà sábà máa ń kú nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré wọ gáréèjì kò ní í jí mọ́, tí awakọ̀ yóò sì di ẹ̀bi ru bátìrì tí kò ṣẹ̀.

Ní ti epo, wọn yóò yọ rọ́bà tó wọ kábúrétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Bí epo kò bá tú jáde nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí, tí táǹkì kò sì gbẹ, pọ́ọ̀ǹpù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fura sí, nítorí awọ rọ́bà inú rẹ̀ sábà máa ń ya.

Àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó tẹ̀ lé 504 ló kó brain box wọlé, kọ̀ǹpútà tó ń darí iná àti epo, tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò sì ń ka ẹ̀sùn rẹ̀ láti ojú ihò tí òfin Amẹ́ríkà sọ di dandan fún ọkọ̀ tuntun láti 1996. Ẹ̀rọ náà wúlò, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tó bá gbójú lé e, tí kò kọ́kọ́ béèrè iná àti epo, yóò kàn máa fi owó onímọ́tò pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́ ni.