Ẹ̀san àti Ìparí Ogun Kírìjì

Lára ọ̀rọ̀-ìṣe 'san' ni a ti ṣẹ̀dá 'ẹ̀san', òun kan náà sì ni a ń lò fún gbèsè. Ẹni tó ń gbẹ̀san gbà pé gbèsè wà nílẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tí a gbẹ̀san lára rẹ̀ yóò ka ìyẹn náà sí gbèsè tuntun.

Ẹ jẹ́ kí a fi ogun Kírìjì yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 1878, Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkèmẹ̀sí. Wọ́n ní ajẹ́lẹ̀ náà ló kọ́kọ́ fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́ nípa ìyàwó rẹ̀. Ìbàdàn fẹ́ gba ẹ̀san ajẹ́lẹ̀ kan. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fẹ́ gba ẹ̀san ìyà ọdún pípẹ́. Ẹnu wọn kò kò lórí ibi tí ìṣirò yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ààrẹ Látòósà kú sí bùdó ní 1885, Ògèdèǹgbé ṣì wà ní tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó ṣẹ́gun.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa kọ ọ́ pé òyìnbó ló parí ogun náà. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Moloney, Gómìnà Èkó, ló wà lẹ́yìn ètò náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Samuel Johnson àti Charles Phillips, àlùfáà ìran Yorùbá, ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ tí wọ́n ń gbé e bọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú àdéhùn 1886 ni ó yẹ kí a wò. Wọn kò wádìí ẹni tó jẹ̀bi, wọn kò sì bu owó ẹ̀jẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gba òmìnira. Aláàfin àti Ọwá Iléṣà padà sí ipò ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Kò sí ẹni tó san gbèsè náà. Wọ́n fi í sílẹ̀ ni. Lóòótọ́, àwọn ọmọ ogun kò túká tán títí di 1893, nítorí ọ̀ràn Ìlọrin àti Ọ̀fà, ṣùgbọ́n Ìbàdàn àti Èkìtì kò tún bá ara wọn jagun mọ́.

Ẹ̀ka kan nínú ìwé kan náà ni ó yàtọ̀. Ó pàṣẹ pé kí àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́, ìyẹn àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun lé wá sẹ́bàá Ifẹ̀, kó kúrò níbi tí wọ́n tẹ̀dó sí. Ó ní ìdí: ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti lọ́wọ́ nínú ìparun Ifẹ̀. Síbẹ̀, àwọn nìkan ni a ní kí wọ́n san nǹkan, wọn kò sì lọ. Ìjọba kó wọn kúrò ní 1909. Wọ́n padà ní 1922. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní 1981, ó tún bẹ́ láti 1997 títí di 2000, nígbà mìíràn lórí ìṣákọ́lẹ̀, nígbà mìíràn lórí ibi tí a ó kọ́ ilé ìjọba ìbílẹ̀ sí.